Ọba Kì í Kẹ̀yìn sí Olorì

Mi ò lè rí fọ́tò tọkọtaya lára ògiri kí n má rántí Uncle tó ń ṣe férémù ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù. Wọ́n á ní, "Ẹ jẹ́ kí wọ́n wojú ara wọn jàre!" Àwòrán ọba Faransé àtijọ́ kan àti ti olorì rẹ̀ wà ní ṣọ́ọ̀bù wọn, férémù ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, wọ́n kọjú síra. Wọn kì í ta ọ̀kan láìta èkejì.

Nígbà tí ọkọ mi bínú kó jáde, fọ́tò tèmi nìkan ni mo gbé lọ bá wọn. Férémù méjì ni mo padà bá, ọ̀kan ṣófo.

"Uncle, ọ̀kan ni mo ní kí ẹ ṣe."

"Fọ́tò rẹ ń wo ọ̀tún. Ta ló ń wò?"

Mo fi ìbínú gbé méjèèjì délé. Èyí tó ṣófo ni mo kọ́kọ́ gbé kọ́.