Agbádá Inú Náílọ̀n

Pálọ̀ mi ní Crusher, ní Lọ́kọ́ja níbí, ni wọ́n ti dójú ti ọmọ ọlọ́mọ, inú sì ń bí mi títí dòní. Fẹ́yìsetán, télọ̀ tó háyà yàrá ẹ̀yìn lọ́wọ́ mi, ló bẹ̀ mí: "Mọ́mì Marvellous, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yá mi ní pálọ̀ yín fún mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́." Mo ní kí ló ṣe ilé bàbá rẹ̀ ní Agbaja, níbi tó yẹ kí àna ti wá tọrọ ìyàwó? Ló bá bú sẹ́kún.

Eunice ni, ẹ̀gbọ́n Elisha àfẹ́sọ́nà rẹ̀. Wọ́n ní a kì í fi ọlá jẹ iyọ̀, Eunice ń fi jẹ ẹ́! Ó ní mọ́tò òun ò lè gun òkè Agbaja, ṣé ará oko làbúrò òun fẹ́ fẹ́ ni? Tí Fẹ́yìsetán bá lọ kí wọn, Eunice àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ á máa wo bàtà ọmọ náà, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín. Ọmọ náà á délé, á ju sísọ́ọ̀sì mọ́lẹ̀: "Mọ́mì, ó ti sú mi! Ṣé èmi kì í ṣèèyàn ni? Ṣùgbọ́n tí mi ò bá fẹ́ Elisha, mo gbé." Ló bá parọ́ fún wọn pé bàbá òun ti kó wá sí Lọ́kọ́ja, pé ilé mi ló ń gbé.

Ọjọ́ pé, àwọn Eunice ti jókòó. Ọ̀kadà gbé bàbá kan dé tòun ti aṣọ oko àti àpò iṣu, eruku pupa bò ó látòkè délẹ̀. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà Agbaja mọ̀ pé inú náílọ̀n laṣọ òde ń wà, ibi téèyàn bá dé ló ti ń wọ̀ ọ́. Eunice ò mọ̀.

"Bàbá oníṣu, ẹ gba ẹ̀yìnkùlé o! Ẹ má dọ̀tí ilẹ̀ fún wa."

Bàbá wo ọmọ rẹ̀. Elisha ò mọ̀ ọ́n rí. Mo ń ṣẹ́jú sí Fẹ́yìsetán pé kó sọ̀rọ̀, ó kàn ń wolẹ̀. Bàbá ní, "Ẹ má bínú," ó gba ẹ̀yìnkùlé lọ. Èmi náà dákẹ́. Kí Ọlọ́run dárí jì mí.

Fẹ́yìsetán rò pé bàbá ń pààrọ̀ aṣọ ni, pé yóò gba iwájú wọlé, kò sì sẹ́ni tó máa mọ̀. A retí fún wákàtí kan gbáko. Eunice pòṣé: "Bàbá ìyàwó dà?"

"Òun lẹ lé lọ sẹ́yìn!" Fẹ́yìsetán figbe ta, ó sáré jáde.

Bàbá ti to iṣu náà dáadáa sẹ́yìnkùlé, ó sì ti lọ. Agbádá tí ọmọ rẹ̀ rán fún un tìtorí ọjọ́ yẹn wà lórí wọn, nínú náílọ̀n. Kò tú u rárá.