Ọtí Ẹlẹ́rìndòdò Ládánì Ṣàíbù

Kò sí ẹni tó ń gbé Lafiaji tí kò mọ ohùn Ládánì Ṣàíbù. Fíríìjì ló ń tún ṣe ní Apọ́ngbọ̀n, ṣùgbọ́n ìrun pípè ni ayé rẹ̀. Ó máa ń sọ fún mi pé, "Bùsàrí, ọjọ́ tí wọ́n bá gba máìkì lọ́wọ́ mi, kí wọ́n kúkú gbẹ́ ilẹ̀ mi."

Ó ní ìwà kan. Kò fẹ́ kí èèyàn fi èdè òyìnbó pe ohun tó bá ti ní orúkọ Yorùbá. Ohun tí gbogbo wa ń pè ní mínírà, ọtí ẹlẹ́rìndòdò ni òun ń pè é.

Lọ́dún yìí, ilé oúnjẹ kan kógbá wọlé, Ṣàíbù sì ra ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tú mínírà níbẹ̀: ẹnu ẹ̀rọ, rọ́bà gígùn, kẹ́ẹ̀gì irin àti sílíńdà gáàsì. Kì í ṣe gáàsì ìdáná o, èyí tó ń jẹ́ kí mínírà máa ta ni nímú ni. Ó dá ihò sí ilẹ̀kùn fíríìjì àtijọ́ kan, ó gbé kẹ́ẹ̀gì sínú rẹ̀, ó rọ zobo àti omi atalẹ̀ sínú kẹ́ẹ̀gì. Ó ní tí oṣù ààwẹ̀ bá dé, àwọn tó bá gbààwẹ̀ ni yóò máa fi ṣínu.

Ibi tó ti ń so rọ́bà ni Jemilat, alábàágbélé rẹ̀, ti yọjú lójú fèrèsé.

"Ládánì, kí lẹ̀ ń tò yẹn?"

"Ẹ̀rọ ọtí ẹlẹ́rìndòdò ni!"

Jẹnẹrétọ̀ ń ké láàárín wọn. "Ẹ̀rọ ọtí" dé etí Jemilat. "Ẹlẹ́rìndòdò" kò débẹ̀.

Kí a tó kírun Àílà, Ṣàíbù ti di onílé ọtí. Ẹnì kan tilẹ̀ búra pé òun gbóòórùn bíà.

Bí a ti kírun tán, Lèmọ́mù pè é. "Ṣàíbù, ẹnu tó ń mu ọtí kọ́ la fi ń pe èèyàn wá sílé Ọlọ́run. Gbé máìkì sílẹ̀."

"Alfa, ẹlẹ́rìndòdò ni!"

"Ẹlẹ́rìndòdò àbí ẹlẹ́rìnmọ́ínmọ́ín, ṣé ọtí kọ́ lo pè é ni?"

Omi lé sójú Ṣàíbù. Mo ní, "Alfa, ẹ jẹ́ ká lọ fojú ara wa rí i." Mo gbàdúrà fún un lọ́nà, ṣùgbọ́n kí n má purọ́, láti ìgbà tí Àlímọ̀t ìyàwó mi ti kú ni àdúrà mi ti dà bí ọ̀rọ̀ tí èèyàn ń sọ sínú máìkì nígbà tí kò síná. Mi ò pa ìrun kan jẹ. Mi ò kàn mọ̀ bóyá ó ń dún lọ́hùn-ún.

A délé rẹ̀, Jemilat àti ìdajì àdúgbò tẹ̀ lé wa. Ṣàíbù fi ìkánjú ṣí gáàsì jù. Bó ti fa ẹnu ẹ̀rọ, zobo tú yàà, aṣọ funfun Lèmọ́mù di pupa láti àyà dé ìdodo.

Lèmọ́mù lá ètè rẹ̀.

"Atalẹ̀ wà nínú ẹ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Alfa."

"Bù ú sí ife."

Ó mu ife kan, ó tún gba òmíràn. Ṣàíbù náà mu tirẹ̀ kí wọ́n lè gbà á gbọ́. Jemilat na ife: "Ẹ bu tèmi náà, èmi ni mo kúkú polówó ẹ̀."

Nígbà tó yá, Lèmọ́mù wo aago. "Àlàásárì ti tó. Ṣàíbù, kí lo ń wò? Lọ pèrun!"

Ṣàíbù sáré, àwa náà sì tẹ̀ lé e. Ohùn rẹ̀ gòkè, ó dùn bí oyin. Ó dánu dúró kó lè mí, ni gáàsì bá dìde. Ó gùfẹ̀ gbẹ̀ẹ̀ẹ̀ sínú máìkì, gbogbo Lafiaji gbọ́ ọ, mo sì gbà pé wọ́n gbọ́ ọ dé Ẹ̀bútẹ́ Èrò.

Ṣàíbù gbé máìkì kúrò lẹ́nu. Ó wo Lèmọ́mù bí ẹni tí wọ́n ti lé lọ.

Lèmọ́mù tòun ti aṣọ pupa náà gùfẹ̀ pẹ̀lú. "Alhamdulillahi," ló wí. "Máa pè é lọ."

Láti ìta ni Jemilat ti figbe ta: "Ẹ̀yin èèyàn, mínírà ni o! Lèmọ́mù náà mu ún!"

Nígbà tí mo forí kanlẹ̀, ẹ̀rín ń gbọ̀n mí léjìká. Mo ní, Ọlọ́run, bí O bá gbọ́ ìyẹn, á jẹ́ pé O ń gbọ́ tèmi náà.