Ìdánwò Mọ́kànlélógójì Tí Kò Padà Wálé

Rafíkà kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ọmọ erékùṣù Kerkennah ni, ọkọ̀ ojú omi ló ń gbé e wá sí ìlú Sfax, ní Tùnísíà, láràárọ̀. Ọdún mẹ́rin ló fi ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì tí mo ti ń se kọfí. Iṣẹ́ onígbà díẹ̀ ni. Ó ku oṣù kan kí ọ̀gá fún un ní ìwé tó máa sọ ọ́ di òṣìṣẹ́ gidi. Ìwé yẹn ló ń lé.

Ètò kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń kọ níbẹ̀, èyí tó ń ṣọ́ yàrá yìnyín àwọn oníṣòwò ẹja. Bí òtútù bá dín, ètò náà gbọ́dọ̀ pariwo. Rafíkà ló ń dán an wò. Kì í ṣe ọwọ́ ló fi ń ṣe é, ẹ̀rọ ló ń rán: ìdánwò 812 láràárọ̀. Bí ìkankan ò bá kùnà, iná ara ògiri á tàn bí àwọ̀ ewé. Bí ẹyọ kan bá kùnà, á pọ́n.

Ẹni tó bá jẹ́ kí iná pọ́n á dé fìlà elétí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ títí di ìrọ̀lẹ́. Wọ́n á ya fọ́tò rẹ̀. Ọ̀gá Shedly ló dá àṣà náà sílẹ̀. Ó ní ó ń mú ara èèyàn yá. Mo ti rí ọkùnrin tó sunkún lábẹ́ fìlà yẹn.

Ó wá di pé iná ò pọ́n mọ́. Oṣù méjì gbáko. Inú gbogbo wọn ń dùn. Rafíkà ka àwọn ìdánwò tó jáde: 812. Ó ka àwọn tó mú èsì bọ̀: 771. Mọ́kànlélógójì ò yege, wọn ò sì kùnà. Wọ́n kú sọ́nà ni, ẹnikẹ́ni ò béèrè wọn. Ó tú ìwé tí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ń kọ, ó bá òkú wọn níbẹ̀, tòun ti wákàtí tí ọ̀kọ̀ọ̀kan kú. Ọ̀ràn kan náà ni gbogbo wọn ń dán wò: bí iná ìlú bá lọ tó sì padà dé. Ètò náà ló ń kú nígbà náà, tó ń gbé ìdánwò lọ.

Ó tún rí ìlà kan tí Anis, olórí àwọn tó ń kọ ètò, fi sínú ẹ̀rọ ìdánwò: bí ìdánwò bá kú, má kà á mọ́ wọn. Kí iná tó dẹ́kun pípọ́n, Anis ti dé fìlà lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ kan.

Rafíkà yọ ìlà náà. Iná pọ́n.

"Ta nìyẹn?" ni ọ̀gá pariwo.

"Ará erékùṣù ni o!" Anis ti mú fìlà dání. "Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ orí omi ti gúnlẹ̀!"

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wò ó ná. Tẹ́lẹ̀ ni iná yìí ń purọ́. Àwọn kan ń kú—"

"Ta ló kú? Ṣé ìwọ lo sin wọ́n ni?" Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. "Alájì Tijani oníṣòwò ẹja ń bọ̀ lọ́la wá gba iṣẹ́ rẹ̀. Dá ìlà yẹn padà."

"Mi ò lè dá a padà, sà. Bí iná ìlú bá lọ, ètò yìí ò ní pariwo. Ẹja àwọn oníbàárà wa á jẹrà."

"Anis, bá a dá a padà."

Anis dá a padà, ó sì dé fìlà sí Rafíkà lórí. Nítorí ìwé tó ń lé, kò ṣí i. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ọ̀gá ní kó má wá mọ́.

Lọ́sẹ̀ kẹta iná ìlú lọ, ó padà. Ètò kú, kò pariwo. Tọ́ọ̀nù mẹ́sàn-án ẹja ọlọ́wọ́-mẹ́jọ, èyí tí wọ́n ń pè ní ọ́kítópọ́ọ̀sì, jẹrà mọ́ Alájì lọ́wọ́. Ó já wọlé bí ìjì. Ọ̀gá gbé ìwé ìdánwò fún un. Kọ̀ǹpútà ló máa ń kọ orúkọ olùdánwò sísàlẹ̀ fúnra rẹ̀, wọn ò tíì yí i: Rafíkà.

"Òun ló ní ó dáa," ni ọ̀gá wí. "Mo ti lé e dànù."

Alájì gbé orúkọ náà ká èbúté. Àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí ní Sfax ò pọ̀. Ọ́fíìsì mẹ́fà tilẹ̀kùn mọ́ Rafíkà.

Rafíkà wá lọ́jọ́ Ẹtì kan, kí ọ̀gá bá òun yọ orúkọ òun kúrò nínú ìwé náà. Ọ̀gá rí i láti ojú fèrèsé, ó pè mí.

"Baba, má jẹ́ kó gòkè o."

Mo dúró sẹ́nu àtẹ̀gùn.

"Ẹ kú iṣẹ́, Baba. Ẹ jẹ́ n kọjá."

"Kò sáyè."

"Ojú yín ló ṣe lọ́jọ́ tí mo yọ ìlà yẹn, Baba. Ẹ gbé tíréè dání, ẹ ń gbọ́."

"Mo gbọ́."

"Ẹ bá mi sọ fún Alájì nígbà náà. Ó máa gba tiyín gbọ́."

"Má gòkè, ọmọ mi. Iṣẹ́ tèmi náà ni mò ń ṣọ́."

 Ó yí padà. N kò pè é.