Afẹ́fẹ́ Tí Ọláoyè Fà Símú

Bí Ọláoyè bá ń sọ ìtàn yìí, òun fúnra rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Àga oníke ló ń tà ní New Benin, nílùú Benin. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún, ṣùgbọ́n kò tíì sí ẹni tó sọ fún egungun rẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, ó tẹ̀lé Fọlákẹ́ ìyàwó rẹ̀ lọ sí ọjà Oliha. Ó rí àwọn alábàárù tó ń gbé àpò gàrí, ó ní wọn ò mọ̀ ọ́n gbé. Kò sẹ́ni tó bẹ̀ ẹ́. Ó gbé àpò kan lé èjìká, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀ lórí ewé ẹ̀fọ́, àpò àti ẹni tó gbé e sì jọ balẹ̀. Èjìká ọ̀tún yẹ̀, apá rẹ̀ wá ń fì bí apá ẹ̀wù tí wọ́n sá.

Ní ilé ìwòsàn, Motọ́lání, nọ́ọ̀sì kan tó jẹ́ ọmọ Ọ̀wọ̀, gbé síńlíńdà kékeré kan dé, pẹ̀lú rọ́bà tí wọ́n ń fi bo imú àti ẹnu.

"Bàbá, afẹ́fẹ́ yìí máa dín ìrora kù kí dókítà tó dá èjìká yín padà. Ṣé ẹ ò forí gbalẹ̀? Ṣé àyà ò dùn yín tẹ́ ẹ bá mí?"

"Rárá," ni Ọláoyè wí. Ó ń rọra mí kí ojú rẹ̀ má baà tú àṣírí.

"Wọn ò sọ òótọ́," ni Fọlákẹ́ wí. "Láti inú kẹ̀kẹ́ tó gbé wa wá ni wọ́n ti ń di ìhà mú. Wọ́n wúkọ́, omi bọ́ lójú wọn."

Nọ́ọ̀sì gbé síńlíńdà sẹ́yìn. "Bí egungun ìhà bá ti lu ẹ̀dọ̀fóró, tí afẹ́fẹ́ ti jò sínú àyà, afẹ́fẹ́ síńlíńdà yìí á lọ bá a níbẹ̀, á máa fẹ̀ ẹ́ sí i. Ó lè pa èèyàn."

Òógùn bo Ọláoyè. Ó rí ìsìnkú ara rẹ̀: wọ́n ń béèrè ohun tó pa á, wọ́n ní ó ṣakọ kú ni.

Wọ́n ya fọ́tò inú àyà rẹ̀. Kò sí nǹkan kan, ìhà kàn gbọgbẹ́ díẹ̀ ni. Motọ́lání ṣí fèrèsé kí afẹ́fẹ́ náà lè máa jáde, ó fi rọ́bà náà lé e lọ́wọ́. Fọlákẹ́ nawọ́, ó fẹ́ bá a dì í mú.

"Ẹ fi sílẹ̀, mà," ni Motọ́lání wí. " Bí oorun bá fẹ́ gbé wọn, rọ́bà á bọ́ lọ́wọ́ wọn, wọ́n á mí afẹ́fẹ́ lásán. Tẹ́ ẹ bá bá wọn dì í, wọ́n á fà á kọjá bó ṣe yẹ."

Ọláoyè fà á símú. Orí rẹ̀ fúyẹ́. Ó sọ fún dókítà pé kó bá òun gbé àpò mìíràn wá. Dókítà fa apá rẹ̀, èjìká ta kọ́, ó padà sáyè rẹ̀, Ọláoyè sì ké pe ìyá rẹ̀ tó ti kú tipẹ́, débi pé àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì níta dìde. Rọ́bà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Wọ́n ní kó jókòó títí ojú rẹ̀ á fi wálẹ̀. Ó ní ara òun ti dá, ó dìde, òòyì kọ́ ọ, ó tún jókòó. Nígbà tí wọ́n wá wọ kẹ̀kẹ́ lọ sílé, ó fọwọ́ kan oníkẹ̀kẹ́ léjìká kí wọ́n tó dé gọ́tà àkọ́kọ́.

"Abeg, small small. E dey pain me."

Oníkẹ̀kẹ́ rọra. Fọlákẹ́ kọjú síta, kí ọkọ òun má baà rí i pé òun ń rẹ́rìn-ín.