Omi Orí Fesibúùkù

Ẹ fara balẹ̀, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí nídìí ẹ̀rọ omi àdúgbò wa.

Ìlú wa kò jìnnà sí Ọ̀sí. Orúnkún ń dun màmá mi, síbẹ̀ odò ìsàlẹ̀ òkè ló ti ń pọnmi. Àfi bí mo ṣe ṣí fóònù lọ́jọ́ kan tí mo rí káńsẹ́lọ̀ wa lórí Fesibúùkù, tó ń mu omi nídìí bóhóòlù tuntun. Àdúgbò wa mà ni! Àwọn ọmọ ìlú tó wà l'Ékòó ti ń kí i kú iṣẹ́.

Mo sáré lọ ṣí ẹ̀rọ. Afẹ́fẹ́ nìkan ló jáde. Aládùúgbò wa kan ló wá là mí lóye pé táńkà ni wọ́n fi gbé omi wá nítorí fọ́tò, wọn ò tíì gbé ẹ̀rọ tó ń fa omi síbẹ̀ rárá. Iṣẹ́ ojú ayé!

Inú bí mi gan-an. Mo ṣe láìfù, fídíò ojú ẹsẹ̀ lórí Fesibúùkù, mo ṣí ẹ̀rọ gbígbẹ náà fáráyé rí. Àwọn èèyàn pín in káàkiri. Kò pẹ́ tí táńkà fi dé! Wọ́n da omi kún táńkì bóhóòlù náà, wọ́n ní kí n tún ṣe láìfù, kí n dúpẹ́ lọ́wọ́ ìjọba. Mo dúpẹ́. Nígbà tó yá, omi tán. Mo tún ṣe láìfù, táńkà tún dé.

Ni àdúgbò bá rí ọgbọ́n dá. Bí mo bá gbé fóònù sókè láti ya ara mi báyìí, korobá á ti tò. Ìyá ìjọ wa ránṣẹ́ pé kí n jọ̀ọ́ ṣe láìfù kí ọjọ́ ìkórè tó pé.

Mo ní ká jọ lọ bá káńsẹ́lọ̀, ká ní kó gbé ẹ̀rọ tó ń fa omi wá. Àwọn àgbà ní kí n má ṣe bẹ́ẹ̀, pé bó bá bínú ńkọ́, tí táńkà ò wá mọ́? Ṣé ẹ rí ayé?

Mo fẹ́ jà. Àmọ́ màmá mi jókòó, ó ń fọwọ́ pa orúnkún rẹ̀.

"Mú fóònù rẹ wá," ó ní. "Omi tán ní ulé."

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ni pé Fesibúùkù lè mú ìjọba sáré, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ kámẹ́rà ló ń sáré lọ. Bí a ò bá jọ dìde béèrè, fóònù la ó máa fi pọnmi títí.

Ẹ̀yin ńkọ́? Kí ló ń ṣiṣẹ́ lórí fóònù yín tó ti kú nílùú? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ kíákíá. Bátìrì mi ti fẹ́ tán, màmá mi sì ti gbé korobá síta.