Ìrìn Bàbá Mi

Títí di òní, bí òórùn ọ̀dà tútù bá ta sí mi nímú, inú mi máa ń kọ́kọ́ dùn díẹ̀ kí ó tó bàjẹ́. Ṣọ́ọ̀bù ọ̀dà ló wà nísàlẹ̀ ilé tí mo ti kọ́ṣẹ́ ní Sabon Gari, ní Kánò. Òórùn náà a máa bá ènìyàn gun àtẹ̀gùn dé òkè, níbi tí èéfín jẹnẹrétọ̀ àti ooru kọ̀ǹpútà ti ń dúró dè é. Bí a bá ṣí fèrèsé, a óò máa gbọ́ àwọn oníkẹ̀kẹ́ tí wọ́n ń pe èrò Singer, tí wọ́n ń pe èrò Bompai, eruku á sì wọlé, ọ̀gá wa á ní ká tún un tì. Mo fẹ́ràn yàrá náà. Mo fẹ́ kí o mọ èyí ṣáájú ohun gbogbo, torí bí mo bá ń sọ ọ̀rọ̀ yìí fún ènìyàn, wọ́n máa ń rò pé láti ìbẹ̀rẹ̀ ni mo ti ń fura. N kò fura rárá. Ńṣe ni mo máa ń sáré gun àtẹ̀gùn yẹn láràárọ̀.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní ilé ìwé gíga nígbà náà. Ìwé ẹ̀rí mi sọ pé mo kọ́ nípa ṣíṣe ọnà àti àwòrán, ṣùgbọ́n orí bébà la ti ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, ẹ̀rù sì ń bà mí pé ẹni tó bá ní kí n jókòó sídìí kọ̀ǹpútà kan péré yóò rí i pé òfìfo ni mí. Bàbá mi ló ní kí n lọ kọ́ṣẹ́ lábẹ́ ẹnìkan. Tẹ́là ni bàbá mi. Iṣẹ́ rélùwéè ló gbé bàbá tirẹ̀ wá sí Kánò, ìlú yìí ni wọ́n sì bí òun náà sí. Kò gbà pé ènìyàn lè mọ iṣẹ́ láìjókòó sẹ́sẹ̀ ọ̀gá. Ọ̀gá tó mú mi lọ bá yìí, ṣọ́ọ̀ṣì kan náà la jọ ń lọ. Bàbá mi ló rán agbádá tó fi ṣègbéyàwó. Ó máa ń jẹun nílé wa lẹ́yìn ìsìn, ó sì mọ bí a ṣe ń ya àwòrán tó ń rìn, tó ń sọ̀rọ̀, àti bí a ṣe ń kọ́ ojú ewé fún àwọn oníṣòwò lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Bàbá mi mú ọwọ́ mi, ó fi sínú ọwọ́ ọkùnrin náà, ó ní, “Ọmọ mi rèé. Mo fà á lé ọ lọ́wọ́.” Ọ̀gá náà dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí kápẹ́ẹ̀tì.

Mo gbọ́dọ̀ sọ nípa ẹsẹ̀ bàbá mi báyìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé nílé wa, a kì í sọ ọ́. Abẹ́rẹ́ kan tí wọ́n gún un ní ìdí nígbà tó wà ní kékeré ló ba ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ jẹ́. Bó bá ń rìn, ẹsẹ̀ náà á kọ́kọ́ yà sí ẹ̀gbẹ́ bí ẹni ń fi ìgbálẹ̀ gbálẹ̀, á wá balẹ̀ pẹ̀lú ìró kan tó le. Ìró yẹn la fi ń mọ̀ pé ó ti wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bí ìyá mi bá ti gbọ́ ọ, á ti máa ṣí ìkòkò. Àwọn àgbà ní a kì í ṣojú oníka mẹ́sàn-án kà á, òfin ilé wa sì nìyẹn. Kò sí fọ́tò bàbá mi kankan lógiri tó wà lórí ìdúró. Bí ayàwòrán bá ti dé, á wá àga.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí ọ̀gá wa máa ń fún ènìyàn lórí àwòrán tó ń rìn ni pé kó mú ènìyàn kan rìn kọjá lójú kọ̀ǹpútà. Ó dà bí ohun kékeré. Mo yà á títí, ẹni tí mo yà ń lọ gbọ̀ọ̀rọ̀ bí páálí tí wọ́n ń fi okùn fà. Ọ̀gá wò ó, ó bi mí bóyá ènìyàn ni àbí kọ́bọ́ọ̀dù, gbogbo yàrá sì rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ló wá sọ ohun tí n kò lè gbàgbé. “Má ya ènìyàn lásán,” ló wí. “Lọ ya ẹni tí o mọ ìrìn rẹ̀ bí o bá tilẹ̀ di ojú.”

Ìwọ náà mọ ẹni tí ó sọ sí mi lọ́kàn. Ó pẹ́ kí n tó lè béèrè. Mo jókòó sí ṣọ́ọ̀bù bàbá mi lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mò ń bá a tú okùn lára aṣọ, mò ń sọ ọ̀rọ̀ kan tí kò kan èkejì, títí ó fi ní kí n sọ ohun tó wà nínú mi jáde. Nígbà tí mo sọ ọ́ pé ìrìn rẹ̀ ni mo fẹ́ yà, kò wo ojú mi. Ó fi eyín gé òwú, ó ní ṣé iṣẹ́ náà kò ṣeé ṣe láìsí i. Mo ní ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n kò ní dára. Ó gún abẹ́rẹ́ mọ́ aṣọ, ó wá dìde.

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa gùn, àwọn yàrá sì wà lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Ibẹ̀ ló ti rìn fún mi. Ó ká ṣòkòtò rẹ̀ dé orúnkún kí n lè rí bí orúnkún náà ṣe ń ṣe, n kò sì rí orúnkún yẹn rí láyé mi. Ó lọ, ó bọ̀, mo gbé fóònù dání, mò ń ya fídíò rẹ̀. Obìnrin kan tí a jọ ń gbé ilé yọjú láti yàrá rẹ̀, ó tún padà wọlé, ó ti ilẹ̀kùn, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nínú ọkàn mi. Nígbà tó rìn dé iwájú mi tán, ó tẹ ojú rẹ̀ mọ́ fóònù náà, ó ń rẹ́rìn-ín. “Ìyá mi,” ni ó wí, torí bó ṣe ń pè mí nìyẹn, “ṣé ó ti tó, àbí kí n kúkú jó?”

Àwòrán lórí àwòrán ni mo fi ya ìrìn náà. Bí o kò bá ṣe iṣẹ́ yìí rí, o kò ní mọ bí ènìyàn ṣe ń súnmọ́ ohun tó ń yà. Mo rí i pé èjìká rẹ̀ máa ń sọ̀ kalẹ̀ kí ẹsẹ̀ tó gbéra. Mo rí i pé ọwọ́ rẹ̀ máa ń di ṣòkòtò mú díẹ̀, bí ẹni di ọmọ mú níbi tí èrò pọ̀ sí. Gbogbo ìgbà tí mo ti ń rò pé ó fẹ́ ṣubú, kì í ṣe pé ó fẹ́ ṣubú, ó ń gba ara rẹ̀ mú ni, ní ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan, láti ọmọdé. Omijé ń bọ́ sórí bọ́tìnnì kọ̀ǹpútà. Nígbà tí bàbá mi sì rìn kọjá lójú kọ̀ǹpútà níkẹyìn, pẹ̀lú fìlà rẹ̀ àti gbogbo iyì rẹ̀, ọ̀gá wá dúró lẹ́yìn mi, ó ń wò ó. Ó wá gbá mi léjìká. Ó ní mo ti di ẹgbẹ́ wọn.

Èmi náà ni mo kọ́ ojú ewé ilé iṣẹ́ wa sórí íńtánẹ́ẹ̀tì láàárín oṣù kan náà, torí ọ̀gá ní ibẹ̀ ni àwọn oníbàárà yóò ti máa rí iṣẹ́ wa. Ó ní orúkọ ẹni tó bá ṣe iṣẹ́ ni yóò wà lábẹ́ rẹ̀. Mo fi àyè orúkọ sílẹ̀ lábẹ́ àwòrán kọ̀ọ̀kan. Mo yan irú lẹ́tà tó rẹwà fún un, mo sì ń fọkàn rí orúkọ tèmi níbẹ̀.

Lọ́sàn-án Sátidé kan, èmi àti bàbá mi wà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, oníbàárà kan sì wọlé láti wá gba kàfùtáànì rẹ̀. Aláwàdà ni, kò sì ní ibi kankan lọ́kàn. Ó ti ń rẹ́rìn-ín láti ẹnu ọ̀nà. “Bàbá Tẹ́là, ẹ wá wo ènìyàn yín,” ni ó wí, ó sì na fóònù sí i. Ìpolówó ìpara ìrora kan ni. Bàbá àgbà kan ń rìn bọ̀ lójú pópó, wọ́n ti fún un ní ikùn ńlá àti fìlà tó ya, ṣùgbọ́n èjìká náà kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀, ẹsẹ̀ náà yà sí ẹ̀gbẹ́, ọwọ́ náà di ṣòkòtò mú. Ó ṣubú sínú gọ́tà pẹ̀lú ìró fèrè. Ẹnìkan fi ìpara ra á lẹ́sẹ̀, ó fò dìde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jó, ohùn kan sì ń sọ ní Hausa pé, “Ka shafa, ka warke,” ìyẹn ni pé kó fi í para, kó sàn.

Bàbá mi wò ó dé òpin. Ó dá fóònù padà, ó ní kí oníbàárà wọ kàfùtáànì rẹ̀ wò bóyá ọrùn rẹ̀ kò fún jù. Ìgbà yẹn ló wá wò mí. Mo ti gbìyànjú láti ṣàlàyé ìwò yẹn fún ara mi lọ́pọ̀ ìgbà. Ìbínú kọ́. Ńṣe ló dà bí ìgbà tí ènìyàn bá pe orúkọ rẹ nínú òkùnkùn láti mọ̀ bóyá ìwọ ni. Mo fẹ́ sọ pé èmi kọ́. Ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ló yà á, gbogbo rẹ̀, ọwọ́ mi ni.

Mo ṣí ojú ewé tí mo kọ́. Ìpolówó náà ló wà lókè pátápátá. Nínú àyè tí mo fi sílẹ̀, pẹ̀lú lẹ́tà tí mo fọwọ́ ara mi yàn, orúkọ ọ̀gá ló wà níbẹ̀.

Mo rò pé ojú yóò tì í nígbà tí mo bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Mo ti ń ronú bí n óò ṣe sọ̀rọ̀ kí ojú má baà tì í jù, o gbọ́? Ojú kò tì í. Ó ní kí n jókòó, ó bi mí ta ló kọ́ mi, àti pé kọ̀ǹpútà ta ni mo lò.

“Bàbá yín náà ńkọ́?” ni ó wí. “Ṣé orúkọ ọmọ iṣẹ́ ni wọ́n máa ń rán mọ́ ọrùn aṣọ?”

“Ẹsẹ̀ bàbá mi ni, sà.”

“Ṣé mo gé e ni?”

Àwọn tó wà ní yàrá rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín kan náà ni wọ́n fi rẹ́rìn-ín kọ́bọ́ọ̀dù mi nígbà yẹn, ẹni tí a jọ máa ń pín máásà jẹ láràárọ̀ sì wà lára wọn. Mo mú báàgì mi. Bí mo ṣe ń sọ̀ kalẹ̀, òórùn ọ̀dà gbà mí lọ́nà, mo sì rí i pé ohun tó ń dùn mí jù kì í ṣe pé ó mú iṣẹ́ mi. Òun ni ẹni tó kọ́ mi bí a ṣe ń wo ènìyàn. Ó wo bàbá mi pẹ̀lú ojú yẹn, ó rí gbogbo ohun tí mo rí, ó sì tì í sínú gọ́tà.

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún bàbá mi nílé. Ìyá mi fẹ́ kí wọ́n kó ẹjọ́ lọ bá pásítọ̀. Bàbá mi ní rárá, pé òótọ́ ni ọkùnrin náà sọ, òun náà ti ta ọ̀pọ̀lọpọ̀ aṣọ tí ọmọ iṣẹ́ rán, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀gá tòun náà ṣe ta tòun. Inú mi bàjẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, torí mo rò pé ó ń gbè é. Ó wá gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò lórí àpótí, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e, jẹ́jẹ́. “Aṣọ tí ọmọ iṣẹ́ bá rán, ti ọ̀gá ni,” ni ó wí. “Èyí tí ọmọ iṣẹ́ náà wọ̀ wá láti ilé ńkọ́?”

Kò sọ̀rọ̀ náà mọ́. Ìpolówó náà ràn ká Sabon Gari bí iná ọyẹ́. Àwọn ọmọdé àdúgbò á rí i, wọ́n á ní, “Baba, ka shafa.” Òun náà á dá wọn lóhùn pé òun ti fi í para títí, kò sàn, wọ́n á sì rẹ́rìn-ín pọ̀. Mo rò pé ó ti gbé e kúrò lọ́kàn. Ṣùgbọ́n ó wà lára àwọn tó ń mú ènìyàn lọ síbi ìjókòó ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì ní kí wọ́n fún òun ní iṣẹ́ ẹnu ọ̀nà, níbi tí àga wà. Ọ̀gá ṣì ń dọ̀bálẹ̀ kí i níbẹ̀, òun náà ṣì ń jẹ́ ẹ.

Ó tún ra bàtà onírọ́bà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ di ògiri mú rìn, díẹ̀díẹ̀, kí ẹsẹ̀ náà má baà yà. Bàbá mi a dé ẹnu ọ̀nà yàrá láìjẹ́ pé a gbọ́, ìyá mi a ta gìrì, a máa sáré wá ìkòkò. Ìgbà yẹn ni mo tó mọ ohun tí ọ̀gá gbà lọ́wọ́ wa. Ó gba ìró ẹsẹ̀ náà.

Ojú ewé íńtánẹ́ẹ̀tì nìkan ni mò ń ṣe báyìí, fún àwọn oníṣòwò ọjà Singer àti ọ́fíìsì kan tàbí méjì ní àdúgbò Nassarawa GRA. Bí wọ́n bá bi mí bóyá mo lè ya àwòrán tó ń rìn, mo máa ń ní n kò mọ̀ ọ́n. Mo mọ̀ pé irọ́ ni, ó sì máa ń dùn mí bí mo bá pa á, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà mí pé bí mo bá tún wo ènìyàn dáadáa tó bẹ́ẹ̀, n kò ní mọ ẹni tó dúró lẹ́yìn mi tó ń wò ó pẹ̀lú mi.

Nígbà ọyẹ́ tó kọjá, mò ń bá bàbá mi ki òwú bọ abẹ́rẹ́ nítorí ojú rẹ̀ tó ti ń di bàìbàì. Ó béèrè, bí ẹni béèrè ibi tí síṣọ́ọ̀sì wà, bóyá fídíò ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn ṣì wà lọ́wọ́ mi. Hausa ni mo fi máa ń dá a lóhùn láti kékeré bó bá bá mi sọ Yorùbá, ṣùgbọ́n Yorùbá ló jáde lẹ́nu mi lọ́jọ́ náà. Mo ní ó wà.

“Má fi han ẹnikẹ́ni,” ni ó wí.

Mo ní n kò ní fi hàn.

Ó gba abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ mi, ó so òwú rẹ̀ ní kókó. “Ṣùgbọ́n má pa á rẹ́.”

N kò pa á rẹ́. Nígbà mìíràn tí èmi nìkan bá wà ní yàrá, mo máa ń ṣí i, mo máa ń fi fóònù sétí láìwo àwòrán rẹ̀, mo sì máa ń gbọ́ bàbá mi tó ń bọ̀ wálé.