Àwọn Géèmù Àbúrò Dókítà

Ọdún mọ́kàndínlógún ni obìnrin yìí ti ń ṣe eyín fún àwọn tí kò ní eyín mọ́, nínú yàrá kan tí kò ní fèrèsé. Yàrá náà wà lẹ́yìn ilé ìtọ́jú eyín tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin dá sílẹ̀. Dókítà fúnra rẹ̀ ń jókòó níwájú, níbi tí oòrùn ń wọlé sí, ó ń dí eyín tó lu, ó ń yọ èyí tí kò ṣeé dí. Bí ẹnu bá ti ṣófo tán, wọ́n á tẹ èrìgì olúwa rẹ̀ sínú ìda, wọ́n á gbé àpẹẹrẹ náà bá àbúrò lẹ́yìn. Àbúrò á po sìmẹ́ǹtì funfun sí i, á to eyín lọ́kọ̀ọ̀kan, á se ike aláwọ̀ èrìgì, á fá a, á dán an títí ahọ́n ò fi ní rí ibi tí yóò kọ́.

Gbogbo àgbàlagbà tó ń rẹ́rìn-ín sókè sódò ládùúgbò yẹn, ọwọ́ rẹ̀ ni ẹ̀rín náà ti wá. Ṣùgbọ́n ẹni tó mọ orúkọ rẹ̀ kò tó nǹkan. Àbúrò Dókítà ni gbogbo ayé ń pè é: àwọn aláìsàn, nọ́ọ̀sì, obìnrin tó ń gbá ilẹ̀, títí kan ọkùnrin tó ń pín lẹ́tà.

Ọ̀rọ̀ náà ní bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Ọmọ ọdún méjìlá ni nígbà tí bàbá àti ìyá wọn kú láàárín ọdún kan ṣoṣo. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣì ń kọ́ṣẹ́ dókítà lọ́wọ́. Àwọn mọ̀lẹ́bí ní kí wọ́n mú ọmọ náà lọ sọ́dọ̀ ẹnì kan, ẹ̀gbọ́n ní rárá, òun lòun máa tọ́ ọ. Ó sì tọ́ ọ lóòótọ́. Ó ń ka ìwé, ó ń fọ àwo nílé oúnjẹ, ó ń di irun fún àbúrò rẹ̀ láàárọ̀ lọ́nà tí àwọn ọmọ ilé ìwé fi ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ó sún ìgbéyàwó tirẹ̀ síwájú lẹ́ẹ̀mejì. Ó rán an lọ kọ́ iṣẹ́ eyín ṣíṣe, ó sì fún un ní yàrá nílé rẹ̀, níbi tó ń gbé títí dòní. Kò sí ìpàdé mọ̀lẹ́bí kan tí ẹnì kan kì í ti ju ọ̀rọ̀ sí i: "Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kóni lẹ́rù lọ ni o." Á ní bẹ́ẹ̀ ni, á sì kúnlẹ̀.

Nígbà tó pé ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, olùkọ́ ìṣirò kan fẹ́ fẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n ìlú mìíràn ni iṣẹ́ ń gbé ọkùnrin náà lọ. Ẹ̀gbọ́n ò sọ pé kó má lọ. Ohun tó sọ ò ju pé, "Ó dáa náà. Màá wá ẹlòmíì tó máa máa ṣe eyín. Mi ò kàn mọ ibi tí màá ti rí i ni." Ó wá mí kanlẹ̀. Èémí yẹn nìkan ló dí ọ̀nà. Olùkọ́ lọ, ọmọge kù. Adìyẹ bà lókùn: ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ. Ká ní ẹ̀gbọ́n le ni, ì bá ti bá a jà kó sì jáde. Ṣùgbọ́n báwo lèèyàn ṣe ń bá ẹni tó ń ṣe é lóore jà?

Báyìí ló ṣe pé ọmọ ọdún mọ́kànlélógójì, tí tẹlifíṣọ̀n tó wà níbi tí àwọn aláìsàn ń jókòó sí fi dákẹ́ lọ́jọ́ Ẹtì kan. Nọ́ọ̀sì ò wá síṣẹ́, Dókítà ní kí àbúrò òun bá òun gbé e lọ fún alátùn-únṣe kan tó wà ní òpópónà kejì. Bàbá arúgbó kan ló bá níbẹ̀, ẹni tó gbé awò ojú kan sójú, tó tún gbé òmíì síwájú orí. Bó ṣe ń gbé tẹlifíṣọ̀n kalẹ̀ ni ojú rẹ̀ lọ sórí pákó kan lókè. Ẹ̀rọ géèmù àtijọ́ kan wà níbẹ̀, aláwọ̀ eérú, tó ní páàdì méjì tí wọ́n fi ń darí géèmù, tí okùn wọn lọ́ pọ̀ mọ́ra. Eruku ti bò ó bí ìyẹ̀fun.

Ó wo ẹ̀rọ náà, ó wo bàbá náà. "Ẹ jọ̀ọ́, bàbá, ṣé ẹ̀yin kọ́ lẹ ni ṣọ́ọ̀bù géèmù nígbà kan, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìtẹ̀wé?"

Bàbá náà fa awò orí wá sójú, ó wá di awò méjì. "Dúró ná. Ẹsẹ̀ ẹ tínínrín yìí... Ṣé Atukọ̀ kọ́ nìyí?"

Obìnrin náà kò mọ ìgbà tó jókòó. Ó ti tó ọgbọ̀n ọdún tí ẹnikẹ́ni ti pè é bẹ́ẹ̀. Nígbà tí bàbá àti ìyá rẹ̀ ṣì wà láyé, kò sí ìrọ̀lẹ́ tí kì í yà sí ṣọ́ọ̀bù yẹn bó bá ń ti ilé ìwé bọ̀. Géèmù kan wà tí ọkọ̀ ojú omi kékeré kan ti ń yọ́ gba àárín àwọn òkúta, tí odò á máa yára sí i. Gbogbo ọkùnrin tó wà ládùúgbò ló ń rì níbi ìṣàn omi kejì. Òun ọmọ ọdún mọ́kànlá ló kọ́kọ́ kọjá ibẹ̀, wọ́n sì gbé e sọ́rùn yí ṣọ́ọ̀bù po.

"Ẹ bá mi ta ìyẹn, bàbá."

"Èwo? Ìyẹn yẹn? Ta ló ń ra òkú?"

"Èmi ni."

Ó gbé e lọ sí yàrá ẹ̀yìn. Nígbà oúnjẹ ọ̀sán ó so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n kékeré kan, ó ti kásẹ́ẹ̀tì géèmù tó bá a wá bọ̀ ọ́, kìkì òjò funfun ló rí. Alátùn-únṣe ti sọ fún un pé ìdọ̀tí ló máa ń wà lẹ́nu kásẹ́ẹ̀tì. Ẹnu kẹ̀? Ta ló mọ ẹnu jù ú lọ! Ó fi òwú wé orí igi tẹ́ẹ́rẹ́, ó rẹ ẹ́ sínú sípírítì, ó fi nu irin ẹnu kásẹ́ẹ̀tì náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń nu eyín ọmọ tuntun. Nígbà tó tún tì í bọ̀ ọ́, orin kékeré kan dún, omi aláwọ̀ ojú ọ̀run ṣí sílẹ̀ lójú tẹlifíṣọ̀n. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Nínú yàrá tí kò ní fèrèsé, ó rí odò.

Ó rì níbi òkúta kẹta. Ọwọ́ ti le. Ṣùgbọ́n ó rẹ́rìn-ín débi pé nọ́ọ̀sì kan ilẹ̀kùn láti wò bóyá nǹkan ń ṣe é.

Bí ẹni ń ṣeré ló bẹ̀rẹ̀ sí í kó wọn jọ. Lọ́jọ́ Sátidé á lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ohun àlòkù, á kúnlẹ̀ ti páálí, á máa tú wáyà àti ìbòrí fóònù títí ọwọ́ rẹ̀ á fi kan kásẹ́ẹ̀tì. Ó kọ́ láti fi imú mọ ẹ̀rọ tí omi ti wọ̀, ó kọ́ láti mi páàdì létí kó lè mọ̀ bóyá bọ́tìnnì ti já nínú rẹ̀. Bí ara ẹ̀rọ kan bá fọ́, ike tó fi ń ṣe èrìgì ló fi ń lẹ̀ ẹ́, nítorí kò ní ike mìíì. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe wá ní ẹ̀rọ géèmù mẹ́ta tí wọ́n ní èrìgì pupa rẹ́súrẹ́sú níbi tó yẹ kí igun wọn wà. Alátùn-únṣe rí ọ̀kan, ó rẹ́rìn-ín títí awò iwájú orí rẹ̀ fi já bọ́. "Ó kù kó o fi eyín sí i, kó máa bú wa!"

Èyí tó fẹ́ràn jù nínú gbogbo wọn ni àwọn kásẹ́ẹ̀tì tí àwọn ọmọ àtijọ́ ti fi bírò kọ nǹkan sí lára. Ọ̀kan wà tí ẹnì kan kọ TÈMI NI sí lẹ́yìn, lẹ́tà gbàgẹ̀rẹ̀gbàgẹ̀rẹ̀, ó sì fa ilà sábẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Kì í nu ìyẹn rárá. Nígbà mìíràn á kàn mú un dání, á kà á, á dá a padà.

Inú kọ́bọ́ọ̀dù abẹ́ tábìlì iṣẹ́ ló ń kó wọn sí, lẹ́yìn àwọn àpò sìmẹ́ǹtì funfun. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni nínú ilé. Nígbà tí ọdún kan fi máa yí po, ẹ̀rọ ti di mọ́kànlá, kásẹ́ẹ̀tì ti lé ní ọgọ́ta, ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù ò fẹ́ẹ́ pa dé mọ́. Ọ̀sán ọjọ́ kan, Dókítà fúnra rẹ̀ wọlé wá mú àpẹẹrẹ ẹnu aláìsàn kan, ó fẹsẹ̀ gbá àpò, ilẹ̀kùn ṣí, kásẹ́ẹ̀tì ya dà sílẹ̀ gbararara.

"Kí lèyí?"

"Géèmù ni, Bọ̀dá mi."

"Géèmù ta ni?"

"Tèmi ni."

Dókítà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó mú ọ̀kan, ó yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ó jókòó sórí àpótí. "Ọdún wo lo ti ń ṣe èyí? O ò sọ fún mi."

"Mo rò pé ẹ máa bínú ni."

"Bínú?" Ojú rẹ̀ rẹ̀ wálẹ̀, bí ẹni tí wọ́n fi nǹkan gún. "Ṣé mo ti bínú sí ẹ rí láyé mi?"

Kò bínú sí i rí. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Àbúrò wá ń bẹ̀ ẹ́, ó ń ṣa kásẹ́ẹ̀tì, ó sì ń dá ara rẹ̀ lẹ́bi pé òun pa ẹni rere lẹ́kún.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, káfíńtà kan wá wọn ògiri níwájú. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, Dókítà fa àbúrò rẹ̀ lọ́wọ́ lọ síbi tí àwọn aláìsàn ń jókòó sí. Kọ́bọ́ọ̀dù gíláàsì ńlá kan dúró níbẹ̀, iná kéékèèké ń tàn nínú rẹ̀, gbogbo géèmù rẹ̀ sì tò síbẹ̀ ní àwọ̀ àwọ̀, pupa pẹ̀lú pupa, dúdú pẹ̀lú dúdú. Wọ́n kọ ọ́ sókè gàdàgbà: ÀKÓJỌ ÀBÚRÒ DÓKÍTÀ.

"Kò yẹ kó o máa kó ohun tó o fẹ́ràn pamọ́ bí ẹni jalè," ni Dókítà wí. Ojú rẹ̀ ń dán fún ayọ̀.

Ìyàwó Dókítà, tó ti ń pè é lọ́kọ rẹ̀ láti ọjọ́ tó ti wọ ilé wọn, pàtẹ́wọ́. "Ọkọ mi! Ìwọ ni wọ́n á máa sọ̀rọ̀ ẹ nígboro báyìí o!"

Ó kúnlẹ̀, ó dúpẹ́. Lẹ́yìn náà ló sún mọ́ gíláàsì. Wọ́n ti fi sípírítì nu gbogbo kásẹ́ẹ̀tì náà mọ́ tónítóní. Ó wá TÈMI NI títí, kò rí i. Ó mọ kásẹ́ẹ̀tì tí ọ̀rọ̀ náà wà lára rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn rẹ̀ ń dán bí àwo. Àwọn ẹ̀rọ mẹ́ta tó ní èrìgì kò sí níbẹ̀ rárá. Nọ́ọ̀sì ní Dókítà sọ pé wọn ò dáa lójú, wọ́n wà nínú páálí lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Kọ́kọ́rọ́ gíláàsì náà wà lára ìdè kọ́kọ́rọ́ Dókítà, pẹ̀lú ti mọ́tò àti ti ilé. Lọ́sàn-án ọjọ́ kẹta ló lọ bá a.

"Bọ̀dá mi, ẹ yá mi ní kọ́kọ́rọ́ yẹn."

"Fún kí ni?"

"Mo fẹ́ gbá géèmù kan díẹ̀."

"Àh, wọ́n ti wà létòlétò báyìí, jàre. Jẹ́ kí wọ́n sinmi. Àwọn èèyàn ń gbádùn wọn gan-an ni."

Wọ́n ń gbádùn wọn lóòótọ́. Àwọn aláìsàn á dúró ti gíláàsì, á máa rántí ìgbà èwe wọn. Àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í mú géèmù tiwọn wá láti ilé, wọ́n ń kó o fún Dókítà, Dókítà á ṣí gíláàsì, á tì í bọ ibi tó ṣófo, á tún tì í pa. Àkójọ ń pọ̀ sí i lójoojúmọ́ láìjẹ́ pé ẹni tó ni ín fọwọ́ kan ohunkóhun. Bó bá ń kọjá lọ sí yàrá ẹ̀yìn, á rí ojú ara rẹ̀ nínú gíláàsì náà láàárín àwọn ẹ̀rọ, á yára kọjá.

Ó tó oṣù méjì kó tó ṣe nǹkan kan. Ohun tó ṣe náà ò sì ju báyìí lọ. Ọ̀sán Sátidé kan, ó gbé páálí tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó gbé e mọ́ àyà, ó ń jáde lọ. Dókítà ń ka ìwé ìròyìn ní bàrándà.

"Níbo lò ń lọ?"

Láti ìgbà tó ti wà ní kékeré ló ti ń bi í bẹ́ẹ̀, láti ìgbà náà ló sì ti ń dáhùn. Ó la ẹnu láti sọ pé ọ̀dọ̀ alátùn-únṣe ni. Ó rí i lójú ara rẹ̀ bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ á ṣe gbé mọ́tò, á bá a débẹ̀, á kí bàbá náà, á bá wọn kun ṣọ́ọ̀bù náà ní ọ̀dà tuntun.

"Mò ń jáde ni, Bọ̀dá mi."

"Mo mọ̀. Síbo?"

"Síta."

Dókítà sọ ìwé ìròyìn kalẹ̀. Kò bínú. Ó kàn ń wò ó, ó ń dúró de ìyókù ọ̀rọ̀. Àbúrò tún páálí gbá mọ́ àyà dáadáa. Ó ní, "Ẹ kú ìsinmi o," ó sì jáde sójú títì. Títí tó fi yí kọ́nà, ẹ̀yìn rẹ̀ ń gbóná bí ẹni pé wọ́n ń pè é padà. Ẹnikẹ́ni ò pè é.

Alátùn-únṣe gbá wáyà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lórí tábìlì rẹ̀, ó gbé tẹlifíṣọ̀n kan tó ń dúró de olówó rẹ̀ wá. Kò béèrè ohunkóhun. Àkọ́kọ́ nínú àwọn ẹ̀rọ mẹ́ta náà kò tàn. Èkejì tàn, ó kú. Wọ́n tú ẹ̀kẹta, wọ́n ń bá a fà á títí oòrùn fi rọ̀, obìnrin náà sì bú sẹ́kún lójijì, láìsí ẹni tó sọ nǹkan kan sí i. Bàbá náà na aṣọ ìnuwọ́ sí i, ó sì ń bá wáyà rẹ̀ lọ. "Fi síbí," ló sọ nígbà tó yá. "Wàá tún wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀."

Lọ́jọ́ Ajé, ilé iṣẹ́ kún. Dókítà kò bá a sọ̀rọ̀ láàárọ̀. Nígbà tó di nǹkan bí agogo mọ́kànlá, ó gbé àpẹẹrẹ ẹnu ìyá àgbà kan wọ yàrá ẹ̀yìn, ó gbé e kalẹ̀, ó sì dúró bí ẹni tó gbàgbé nǹkan.

"Ibi tó o lọ lọ́jọ́sí, ṣé dáadáa lo bá wọn?"

"Dáadáa ni, Bọ̀dá mi. Ẹ ṣé."

Dókítà jáde, ó rọra fa ilẹ̀kùn dé. Àbúrò bu omi sí sìmẹ́ǹtì funfun, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pò ó. Eyín òkè ni ìyá náà fẹ́, ó sì ní òun ń fẹ́ ẹ kó tó di Ọjọ́rú.